Ẹjọ́ Tí Wọ́n Ń Pe Òfin Ìgbógunti Ìwà Àjẹbánu ní Nàìjíríà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìgbàkúùgbà tí ìpínlẹ̀ kan, ẹgbẹ́ kan tàbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá gbé òfin EFCC tàbí ti ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ méjèèjì tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, lọ sí kóòtù, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè. A to àwọn ìdáhùn sísàlẹ̀ yìí láti orí èyí tó rọrùn títí dé orí èyí tó ta kókó.

Àwọn òfin wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé?

Òfin tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ ni ó ṣáájú lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lù ú ní oṣù kẹfà ọdún 2000, Adájọ́ Mustapha Akanbi, tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí olórí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, sì ni alága àkọ́kọ́. Òfin EFCC dé ní 2002, wọ́n sì gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2004.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni òfin ìṣàkóso ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 tí gbogbo agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, òfin tó sọ NFIU, tó ń tọpinpin bí owó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, di àjọ tó dá dúró ní 2018, àti òfin 2022 tó dojú kọ àwọn tó ń sọ owó àìmọ́ di mímọ́. Òfin 2006 lórí jìbìtì, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí òfin 419, náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn àjọ sábà máa ń lò láti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá.

Kí ló túmọ̀ sí pé wọ́n pe òfin lẹ́jọ́?

Abala 1(3) nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí òfin yòówù bá tako Ìwé Òfin náà, ibi tó ti takò ó yóò di òfo. Ẹni tó pe òfin lẹ́jọ́ ń sọ fún adájọ́ pé àwọn aṣòfin kọjá ààlà wọn, yálà nítorí pé wọn kò lágbára láti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ náà rárá, tàbí nítorí pé ohun tí wọ́n kọ tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, tàbí nítorí pé wọn kò tẹ̀ lé ìlànà tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn “ibi tó ti takò ó” yẹn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí a óò sọ nípa rẹ̀ dúró lé. Adájọ́ kì í sábà hú òfin náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Abala tó ní àléébù ló máa ń gé kúrò, ìyókù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn tó ń kéde pé ilé-ẹjọ́ ti “fọ́ òfin EFCC” lẹ́yìn ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ka ìdájọ́ náà dé ìparí.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ wo ni yóò sì gbé e lọ?

Bí ó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ ló ń bá ìjọba àpapọ̀ fà á lórí agbára tí Ìwé Òfin pín fún oníkálukú, abala 232 gbà á láyè láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ Oǹdó tí wọ́n dá ní 2002 àti ti Kogí tí wọ́n dá ní 2024 kò fi gba ilé-ẹjọ́ mìíràn kọjá, tí kò sì sí ibi kankan tí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí lẹ́yìn náà.

Aráàlú, ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kò ní àǹfààní yẹn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé abala 251 fún un lágbára lórí ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn àjọ rẹ̀ bá ṣe. Ìbéèrè tó máa ń dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni pé kí ló kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ náà ju ẹlòmíràn lọ. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní oṣù keje ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣọ́ bí epo rọ̀bì ṣe ń ba àyíká jẹ́ pe NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ti jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà fẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó ń jà nítorí ire gbogbo ìlú.

Ọ̀nà kẹta ni ti olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lọ́wọ́ lè sọ pé òfin tí wọ́n fi mú òun kò bá Ìwé Òfin mu. Ọ̀nà yìí kì í pariwo bí ẹjọ́ àwọn ìpínlẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbẹ́ tó jìn jù lọ ti wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rí i nínú ìbéèrè lórí ACJA.

Ṣé ẹni tó bá pe òfin yìí lẹ́jọ́ ń gbè sẹ́yìn àwọn ajẹ́bánu ni?

Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Oǹdó ló fún ICPC ní ẹsẹ̀ tó fi dúró títí di òní, nítorí pé kí ìdájọ́ náà tó jáde, gbogbo olùjẹ́jọ́ ló lè jiyàn pé àjọ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà rárá. Àmọ́ kò burú kí ènìyàn wo àsìkò tí ẹjọ́ dé àti ẹni tó ń sanwó agbẹjọ́rò. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìjọba tó fẹ́ mọ ibi tí ààlà rẹ̀ mọ àti ẹni tí ìwé ìpè kàn lónìí tó sì rántí ètò ìjọba àpapọ̀ lọ́la.

Kí ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó bá ìjọba àpapọ̀ fà nígbà náà?

Ní 2001, lábẹ́ Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, Oǹdó sọ fún Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò lágbára láti ṣe òfin ICPC kí ó sì de gbogbo ìpínlẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé kò sí ìwà àjẹbánu lára àwọn ohun tí Ìwé Òfin dárúkọ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni, àti pé bí àjọ kan láti Àbújá bá lè wá mú òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ lórí owó ìpínlẹ̀, òmìnira ìpínlẹ̀ kò ju orúkọ lásán lọ. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ni olùjẹ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n sì fi ti àwọn ìpínlẹ̀ 35 yòókù kún un.

Ẹni tó bá rántí ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà kò ní rí i bí ohun àjèjì. Ẹgbẹ́ òṣèlú AD ló ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, pé kí agbára kúrò ní Àbújá kí ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni ilé-ẹjọ́ fi dá Oǹdó lóhùn?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2002, Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, Muhammadu Uwais, ka ìdájọ́ tó ṣáájú. Ilé-ẹjọ́ gbà pé òfin náà dúró. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn mọ̀. Abala 15(5) pàṣẹ pé kí ìjọba fòpin sí gbogbo ìwà àjẹbánu àti àṣìlò agbára. Nọ́ńbà 60(a) lára àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣe òfin lé lórí sì fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ láyè láti dá àjọ sílẹ̀, fún gbogbo orílẹ̀-èdè tàbí apá kan rẹ̀, kí àjọ náà lè mú kí wọ́n pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí a bá so méjèèjì pọ̀, ICPC ti rí ibi dúró sí.

Lórí òmìnira àwọn ìpínlẹ̀, Uwais kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ní agbára láti ṣòfin lórí ìwà àjẹbánu, bí èyí bá sì tako ìlànà ìjọba àpapọ̀, a jẹ́ pé Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ ló fàyè gbà á. Wọ́n tún kọ̀ láti gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin náà kàn, nítorí pé ẹni tó ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àwọn méjèèjì.

Oǹdó kò lọ lọ́wọ́ òfo pátápátá. Wọ́n wọ́gi lé abala 26(3), tó ní kí adájọ́ parí ẹjọ́ láàárín 90 ọjọ́ iṣẹ́, nítorí pé aṣòfin kò lè máa pàṣẹ bí adájọ́ yóò ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì wọ́gi lé abala 35, tó jẹ́ kí àjọ náà lè ti ẹni tó kọ ìpè rẹ̀ mọ́lé títí tí yóò fi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, nítorí pé ó tako ẹ̀tọ́ sí òmìnira ara ẹni. Lójú tèmi, abala méjì yìí ló fi hàn jù lọ bí àwọn adájọ́ wa ṣe ń ronú: wọ́n máa ń fàyè gba àjọ ìgbógunti ìwà àjẹbánu gan-an, títí dìgbà tí òfin bá tọwọ́ bọ iṣẹ́ tiwọn, tàbí tí ó bá sọ àjọ di ẹni tó lè fi ènìyàn sí àtìmọ́lé láìsí gbèdéke.

Wọ́n ní Orí Kejì Ìwé Òfin kò ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Báwo ni ilé-ẹjọ́ ṣe wá lò ó?

Òótọ́ ni pé abala 6(6)(c) kò jẹ́ kí ènìyàn pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kò mú àwọn àfojúsùn tó wà ní Orí Kejì ṣẹ, abala 15(5) sì wà ní orí yẹn. Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ ni pé ẹ kò lè fi abala 15(5) nìkan fa ìjọba wá síwájú adájọ́, àmọ́ nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá ti fi nọ́ńbà 60(a) ṣe òfin láti mú un ṣẹ, òfin tuntun náà ti di òfin gidi tó ní eyín. Kì í ṣe ìwà àjẹbánu nìkan ni ọ̀nà yìí bá mu. Ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ààbò àyíká náà wà ní Orí Kejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin kì í sábà fẹ́ gba ọ̀nà náà lórí wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn aṣòfin gan-an gbìyànjú láti yí òfin ICPC padà?

Òótọ́ ni. Ní 2003, nígbà tí ICPC ti ń tọpinpin àwọn olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, àwọn aṣòfin ṣe òfin mìíràn tí yóò rọ́pò ti 2000 tí yóò sì dín agbára àjọ náà kù. Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ìwé Òfin gbà pé bí ilé méjèèjì bá tún àbádòfin gbà wọlé pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó ti di òfin láìsí ìbuwọ́lù ààrẹ, ìyẹn náà sì ni wọ́n sọ pé àwọn ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí sáà wọn parí.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fagi lé òfin tuntun náà. Nígbà tí wọ́n sì kó àwọn òfin ilẹ̀ Nàìjíríà jọ ní 2004, òfin ICPC ti 2000 ni ó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí Kogí àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tún fi padà sí kóòtù ní 2023?

Ohun méjì ló fà á. Èkíní ni ìlànà NFIU. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àjọ náà kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ìjọba kankan kò gbọdọ̀ gba owó ní káàṣì láti inú àpò rẹ̀ ní báńkì mọ́, yálà ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀. Ṣáájú èyí, láti oṣù kẹfà ọdún 2019, ó ti fi 500,000 náírà ṣe òpin owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà ní káàṣì lójúmọ́. Àwọn gómìnà rí i bí ẹni pé Àbújá ń ka owó inú àpò wọn.

Èkejì jẹ́ ọgbọ́n amòfin. Wọ́n fi orí ti ìdájọ́ kan tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ṣe ṣáájú, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé inú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìwà àjẹbánu ni òfin EFCC ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Kogí ní, abala 12 béèrè pé kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí àbádòfin náà kí ààrẹ tó buwọ́ lù ú, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n. Àwọn ìpínlẹ̀ tó dara pọ̀ mọ́ ọn lé ní mẹ́wàá. Ọ̀yọ́, Ògùn, Èdó àti Oǹdó wà lára wọn, pé Oǹdó tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ó lé kò sì yà mí lẹ́nu. Anambra, Ebonyi àti Adamawa yọwọ́ wọn kúrò kí ìdájọ́ tó dé.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn àgbáyé yẹn ńkọ́, ṣé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Ẹ wo àwọn ọjọ́ náà. Ọdún 2002 ni òfin EFCC àkọ́kọ́ jáde. Oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àdéhùn náà wọlé. Oṣù kẹfà ọdún 2004 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin EFCC tí à ń lò báyìí, oṣù kejìlá ọdún yẹn ni Nàìjíríà tó wá fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn náà. Ó ṣòro láti sọ pé ọmọ ni òfin tó ti wà kí òbí rẹ̀ tó dé. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ wọ̀nyí ni ilé-ẹjọ́ fi dá ẹjọ́ náà.

Kí wá ni ilé-ẹjọ́ fi dá a ní 2024?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje, tí Uwani Abba-Aji ṣáájú wọn, fẹnu kò láti da ẹjọ́ náà nù pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní òfin EFCC kì í ṣe irú àdéhùn tí abala 12 ń sọ, òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ni, ó sì de gbogbo ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ilé ìgbìmọ̀ wọn tún fọwọ́ sí i. Wọ́n sọ pé agbára ìwádìí EFCC kò tako agbára ìṣòfin àwọn ìpínlẹ̀, àti pé nínú ètò ìjọba wa, kò sí ìpínlẹ̀ tó ní òmìnira tí kò láàlà.

Lórí NFIU, wọ́n ní ìlànà rẹ̀ ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ni, kò gba ìṣàkóso owó lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni ìdájọ́ náà ti tètè kọjá jù. Òdiwọ̀n tó sọ pé o kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ ní káàṣì sún mọ́ ìṣàkóso ju bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà lọ, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ fún àlàyé tó jinlẹ̀ ju èyí tó gbà lọ.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé EFCC lè dá sí ẹjọ́ èyíkéyìí tó bá wù ú?

Rárá o. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá agbẹjọ́rò kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí EFCC ti bá a ṣẹjọ́ pé ó gbìyànjú láti yí ìdájọ́ po. Wọ́n ní ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti ọrọ̀ ajé tàbí ti ìṣúná owó, nítorí náà kò sí lábẹ́ agbára EFCC. Òfin tó dá àjọ sílẹ̀ ló tún pa ààlà fún un. Ìdájọ́ 2024 kò sì mú ààlà yẹn kúrò.

Ṣé àwọn gómìnà kò wà lábẹ́ ààbò òfin tẹ́lẹ̀?

Abala 308 sọ pé a kò lè mú gómìnà, igbákejì rẹ̀, ààrẹ tàbí igbákejì ààrẹ, a kò sì lè bá wọn ṣẹjọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí oyè. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, nínú ẹjọ́ tí Gani Fawehinmi pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gómìnà Èkó ìgbà náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ààbò yìí kò ní kí wọ́n má ṣe ìwádìí. Wọ́n lè kó ẹ̀rí jọ, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ó bá kúrò lórí àga.

Òfin ICPC ní ọ̀nà tirẹ̀ ní abala 52: Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà lè yan agbẹjọ́rò tó dá dúró láti wádìí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kan gba àṣẹ kóòtù pé kí EFCC má wádìí owó òun. Ṣé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣì lè dúró?

Ìpínlẹ̀ Rivers ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt gbà pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ ni Ìwé Òfin fi ṣọ́ owó ìpínlẹ̀, kì í ṣe EFCC. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Ìwé Òfin kúkú ni, ní abala 125 àti 128. Ibi tí èrò náà ti ṣe aláìpé ni pé ó ka iṣẹ́ ìṣirò owó àti iṣẹ́ ìwádìí ọ̀daràn sí ohun kan náà. Ó sì ṣòro láti rí bí ìlànà yẹn ṣe lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdájọ́ 2024, tó wá láti ilé-ẹjọ́ tó ga ju gbogbo wọn lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí abala 396(7) nínú òfin ACJA?

Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé. Kí òfin 2015 tó dé, bí wọ́n bá gbé adájọ́ ga láti Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ níwájú rẹ̀, ẹjọ́ náà yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ mìíràn, bó ti wù kó jìn tó. Ẹjọ́ ìwà àjẹbánu máa ń pẹ́, àwọn olùjẹ́jọ́ olówó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un pẹ́, nítorí náà ìgbéga adájọ́ kan lè pa iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá rẹ́. Àwọn aṣòfin wá kọ abala 396(7) pé adájọ́ tí wọ́n gbé ga lè padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ti ń gbọ́ lọ́wọ́.

Abala yìí ni Adájọ́ Mohammed Idris, tó ti dé Kòtẹ́milọ́rùn ní 2018, lò láti parí ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà àná ní Abia, tó ti wà nílẹ̀ láti 2007. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2019, ó dá Kalu lẹ́bi, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ẹni tí wọ́n jọ ṣẹjọ́, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ẹ̀ka ìnáwó ilé ìjọba Abia, gbé ọ̀rọ̀ abala náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n ní abala 396(7) tako Ìwé Òfin: ẹni tó ti búra gẹ́gẹ́ bí adájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga mọ́, òfin kan lásán kò sì lè sọ ọ́ di méjèèjì. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Kalu jáde ní ẹ̀wọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Nígbà tí EFCC fẹ́ tún bá a ṣẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá sọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 pé ẹni tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà nìkan ni àṣẹ àtúnṣe ẹjọ́ bá wí. Ní ti òfin, mi ò rí bí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe lè sọ ohun mìíràn. Àwọn tó kọ abala náà ló yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé àtúnṣe Ìwé Òfin ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́, kì í ṣe gbólóhùn kan nínú òfin ìgbẹ́jọ́.

Kí nìdí tí àwọn agbẹjọ́rò fi bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí òfin owó àìmọ́?

Òfin 2011 ní kí àwọn oníṣẹ́ kan, títí kan agbẹjọ́rò, máa forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa ròyìn owó oníbàárà wọn fún ìjọba. Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà sọ pé èyí yóò tú àṣírí tó wà láàárín agbẹjọ́rò àti oníbàárà rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ gbè wọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2017.

Àwọn aṣòfin kò panu mọ́. Òfin 2022 dárúkọ àwọn agbẹjọ́rò ní kedere, ó sì sọ irú iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò kò ti ní lè fi àṣírí oníbàárà ṣe ààbò, bíi rírà àti títa ilé àti ilẹ̀. Wọ́n pàdánù ní kóòtù, wọ́n padà sílé, wọ́n sì tún òfin kọ.

Ṣé ìjọba lè gba dúkìá ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi?

Ó lè gbà á, lábẹ́ abala 17 nínú òfin 2006 lórí jìbìtì. Àjọ yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ ìgbà díẹ̀, wọn yóò kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí dúkìá náà lè wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, bí àlàyé rẹ̀ kò bá sì tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, dúkìá ti lọ pátápátá. Àwọn olùjẹ́jọ́ sọ pé èyí tako abala 36(5), tó ka ènìyàn sí aláìlẹ́bi títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gbà bẹ́ẹ̀: dúkìá ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́, kì í ṣe ènìyàn, kò sì sí ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀daràn.

Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání lórí ìwé. Ẹni tí wọ́n gba ilé rẹ̀ tí kò sì ní ìwé owó tó fi rà á ní ogún ọdún sẹ́yìn lè máa wò ó lójú mìíràn.

Ṣé wọ́n lè fi òfin tuntun mú ẹni fún ohun tó ti ṣe ṣáájú?

Wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 36(8) ní kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́jọ́ tó ṣe é, a kò sì lè fún un ní ìyà tó wúwo ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ.

Ìpínlẹ̀ tó bá ní àjọ tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé EFCC kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́?

Kánò ti ní tirẹ̀ láti 2008, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2019, Èkó sì tẹ̀ lé e ní 2021. Òfin wọn bá ìdájọ́ Oǹdó ti 2002 mu, nítorí pé ilé-ẹjọ́ ti gbà pé ìpínlẹ̀ náà ní ipa láti kó. Ṣùgbọ́n abala 4(5) sọ pé níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti forí gbárí pẹ̀lú ti àpapọ̀, ti àpapọ̀ ni yóò lékè. Nítorí náà, gómìnà tó bá dá àjọ sílẹ̀ kí ó lè fi dí ẹnu ọ̀nà mọ́ EFCC kò ní òfin kankan lẹ́yìn.

Ǹjẹ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà lọ́jọ́ iwájú?

Ó lágbára láti yà kúrò nínú ìdájọ́ rẹ̀ àtijọ́ bí ó bá rí i pé ó kùnà, àmọ́ kì í ṣàdédé ṣe é. Lórí èyí, ìdájọ́ 2002 ti lo ọdún méjìlélógún kí àwọn adájọ́ méje tó tún wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba agbára yìí padà ní tòótọ́ ní láti lọ bá àwọn aṣòfin, kí wọ́n yọ nọ́ńbà 60(a) kúrò tàbí kí wọ́n tún un kọ. Abala 9 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì ní Àbújá, àti ìfọwọ́sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán. Iye ìpínlẹ̀ tó dara pọ̀ mọ́ Kogí kò tó ìyẹn.